Àánú Àlejò Kò Lè Rọ́pò Ojúṣe Ìjọba

Alábàárù tó ń ru àpò ẹ̀wà ní ọjà Mile 12, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oko rẹ̀. Bí ẹ̀yìn náà bá yẹ̀, ebi dé. Oníṣègùn físíò lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ìtọ́jú náà, owó sì ni.

Ní 2016, ọkọ̀ Mercy Ships gúnlẹ̀ sí Kútọnu pẹ̀lú àwọn oníṣègùn físíò tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dé ni yóò lọ. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí; kí ìjọba gbà wọ́n sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Orúkọ Kòsọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ di ìdájọ́ lórí tálákà.