Tẹ́nìsì Ẹlẹ́ni Méjì-Méjì Lè Bọ́ Èèyàn

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà figagbága nínú tẹ́nìsì: ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹnì kan ti ń dojú kọ ẹnì kan, àti ìdíje ẹlẹ́ni méjì-méjì, níbi tí àwọn méjì ti ń pawọ́ pọ̀ kojú àwọn méjì mìíràn lórí pápá kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ni òkìkí àti owó ńlá wà, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu bí òbí kan ní Èjìgbò, ní Èkó, bá rò pé ọmọ tí kò bá gba ife-ẹ̀yẹ Wimbledon ti fi àkókò ṣòfò. Ìtàn kò gbè é.

Nduka Odizor, agbábọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1958, ni àpẹẹrẹ tó yẹ láti kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí mọ́ ọn ni ọdún 1983, nígbà tí Guillermo Vilas ọmọ Ajẹntínà ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Wimbledon kí Odizor tó gba mẹ́ta tó kù, tí ó sì rìn dé ìpele kẹrin. Sẹ́ẹ̀tì ni ìpín eré tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gba géèmù mẹ́fà sábà máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ kan péré ni ó gbà nígbà tí ó dá nìkan gbá a, ní Taipei lọ́dún kan náà, nígbà tí ó gba méje nínú ti ẹlẹ́ni méjì-méjì, tí ó sì dé ipò 20 lágbàáyé níbẹ̀ ní 1984. Ipò 52 ni ó ga jù fún un nínú ti ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti le jù gan-an ni àwọn èèyàn gbàgbé.

Ẹlẹ́ni méjì-méjì kì í ṣe ibi ìsinmi fún ẹni tí ó ti rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ẹnìkejì rẹ̀ yóò ti dúró sẹ́bàá àwọ̀n, yóò sì ti fi ìka sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ nípa ibi tí òun yóò sáré sí. Ojú lọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ju agbára apá lọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìrònú èèyàn mẹ́ta lórí pápá, tí ó sì ń ṣàlàyé èrò rẹ̀ fún ẹnìkejì láàárín ayò kan sí òmíràn, ti ń ṣiṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kí ó tó mọ̀.

Tony Mmoh, tí òun pẹ̀lú ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988 bíi Odizor, di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n Saudi Arabia ni ó ti ṣe é. Ní Riyadh ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀, Michael, sí ní 1998, ọwọ́ bàbá sì ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ eré. Nígbà tí ó na Alexander Zverev ní Australian Open ọdún 2023, Amẹ́ríkà ni ó ń gbá fún. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn baba tàbí ọmọ. Orílẹ̀-èdè tó fi eré náà sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ aládàáni, bíi èyí tó ti wà ní Oníkan, ní Èkó, láti 1895, ni ó jẹ̀bi.

Káńsù lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Èjìgbò, àdúgbò tí àwọn èèyàn mọ̀ fún ibùdó epo ju eré ìdárayá lọ, nítorí náà ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú. Gígùn pápá tẹ́nìsì jẹ́ mítà 23.77, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8.23 fún ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, 10.97 fún ẹlẹ́ni méjì-méjì. Ìyẹn ni pé mítà 1.37 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó láti sọ ọmọ méjì di mẹ́rin lórí pápá, àti pé bí a bá tilẹ̀ fi àyè ìsáré kún un, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó péye. Kí káńsù Èjìgbò da kọnkéré irú pápá bẹ́ẹ̀ kan sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan, kí wọ́n gba agbábọ́ọ̀lù tẹ́nìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì wà nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, kì í ṣe pé kí àwọn òbí máa dá a fún un.