Ọ̀ṣọ́ Lásán Kọ́

N kò lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ọnà tí àwọn ará Ṣáínà fín sára ilé wọn láyé àtijọ́, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ra fèrèsé tí a yọ lára irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, oore ni ó ṣe. N kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ Huizhou, ní gúúsù Anhui, níbi tí àwọn oníṣòwò iyọ̀, tíì àti igi gẹdú ti kọ́ ilé sí láyé àwọn ọba Ming àti Qing. Bí o bá dúró níta, ògiri funfun gíga ni ìwọ yóò rí, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Òfin ìjọba Ming kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ìjòyè kọ́ ilé tí ó ju àyè mẹ́ta láàrin òpó sí òpó lọ, tàbí kí ó kùn ún ní àwọ̀ mèremère. Olówó tí a ní kí ó má fi ọrọ̀ rẹ̀ hàn níta, inú ilé ni ó gbé e lọ. Ó pe àwọn oníṣọ̀nà. Wọ́n fín òkúta ìdí òpó, wọ́n fín bíríkì aláwọ̀ eérú tí ó wà lókè àtẹ́rígbà, wọ́n fín igi tí ó gbé òrùlé ró, wọ́n sì fín gbogbo ilẹ̀kùn tí ó yí àgbàlá inú ilé ká, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rọ̀ sí àgbàlá agbo-ilé wa àtijọ́.

Kí ni wọ́n fín? Àdán! Ẹlòmíràn nínú wa lè rò pé àjẹ́ ni wọ́n ń pè wọlé. Ṣùgbọ́n bí èdè Ṣáínà ti ń pe àdán, fú, bẹ́ẹ̀ gan-an, tohùn tohùn, ni ó ń pe ire. Àdán márùn-ún dúró fún ire márùn-ún. Ẹja, yú, dún bí àjẹṣẹ́kù. Àgbọ̀nrín, lù, dún bí owó iṣẹ́ ìjòyè. Ìkòkò òdòdó, píng, dún bí àlàáfíà. Ta ni ó yẹ kí èyí tètè yé ju ọmọ Yorùbá lọ, tí baba rẹ̀ ń fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò pé ọkàn òun fà sí ẹnì kan, tí onítọ̀hún sì ń fi mẹ́jọ dáhùn pé àwọn jọ ara àwọn? Ẹ tú àrokò náà kúrò lára okùn, ẹ dà á sínú àpò: owó ẹyọ ni ó kù.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ilé. Ní Hongcun, nínú Chengzhitang tí oníṣòwò iyọ̀ kan kọ́ ní 1855, ọgọ́rùn-ún ọmọdékùnrin ni wọ́n fín sára igi òkè gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń ṣe ọdún fìtílà. Àdúrà ọmọ ni. Gé igi náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún títà, kí o wo ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àdúrà náà.

Alátakò mi yóò ní àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni ó bà á jẹ́. Òtítọ́ ni. Láàrin 1966 sí 1976, nígbà rògbòdìyàn Mao, a gé orí àti ojú àìmọye ère tí ó wà lára ilé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ta ni ń bá ọ̀ṣọ́ lásán jà? Àwọn tí ó gé e mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn onílé tí ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ kí a má baà rí i mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ọ̀mọ̀wé ni kò mọ̀!

Wọ́n tú odidi ilé kan níbẹ̀, Yin Yu Tang, wọ́n sì tún un tò ní Salem ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣí i ní 2003. N kò fẹ́ràn kí ilé rékọjá òkun, ṣùgbọ́n ó kúkú lọ tòpó tilẹ̀kùn. Nígbà tí Jackie Chan, òṣèré fíìmù nì, sọ ní 2013 pé òun yóò fi ilé Huizhou mẹ́rin ta yunifásítì kan ní Singapore lọ́rẹ, ariwo ta ní Ṣáínà. Fèrèsé tí a ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ta ni ń pariwo? Àjọ UNESCO fi Xidi àti Hongcun sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2000. Àwọn abúlé tí kò sí nínú ìwé náà pọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá mi lóhùn, àyè wà nínú ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ abúlé tí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ ti wá, orúkọ ìdílé tí ó ni ín, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì kí wọ́n tó yọ ọ́.