Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọ̀kadà: Sùúrù Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀tọ́ Yín Bómi Lọ

Bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn lójú títì wa, ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èrò á pé jọ. Àwọn kan á fẹ́ dáná sun ọ̀kadà náà, àwọn mìíràn á máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó wà á. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀, kádàrá ni, ẹ fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́." Ọlọ́kadà á yọ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà lápò, wọ́n á gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn egungun, kálukú á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Lójú àwọn èrò, ọ̀rọ̀ ti parí. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lè kọjá kó má lè dé ọjà. Owó iléèwé ọmọ kò ní jáde, gbèsè á máa gun orí gbèsè. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà kú, opó àti ọmọ òrukàn ló kù tó ń wo ojú àánú àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí síta: kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ìjàǹbá ọ̀kadà ṣẹlẹ̀ sí, kí ló sì dé tí ẹ̀tọ́ náà kì í fi í tẹ púpọ̀ nínú wa lọ́wọ́?

Kí ni ẹ̀sìn wí?

A kò ta ko sùúrù, a kò sì sọ pé ìdáríjì kò dára. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò lè sọ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa gbà pé bíbéèrè owó gbà-máà-bínú dà bí ìgbà téèyàn ń bá Ọlọ́hun jà lórí kádàrá. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kádàrá ni àìsàn, síbẹ̀ à ń lo oògùn. Nínú Sūrat an-Nisā', āyah 92, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo. Kò ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé nítorí pé èèṣì ni. Ó pàṣẹ ohun tí ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ ṣe láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́, ó sì pàṣẹ owó ẹ̀mí, èyí tí à ń pè ní diyah, fún ẹbí olóògbé, àyàfi bí wọ́n bá fi ṣe sàárà. Ẹ wo bó ṣe tò ó: ẹ̀tọ́ ló kọ́kọ́ wà, ìdáríjì tẹ̀lé e. Ọwọ́ ẹbí ni ìdáríjì náà sì wà, kò sí lọ́wọ́ èrò ọ̀nà, ọlọ́pàá tàbí alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà.

Àwọn onímọ̀ tún là á yé wa pé bí olóògbé bá fi ọmọ kéékèèké sílẹ̀, àgbàlagbà inú ẹbí lè yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìpín ọmọ òrukàn tọrẹ. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olóògbé tó bá sáré sọ ní teṣan pé "a ti dárí jì í" ní láti ronú lórí èyí dáadáa.

Lóòótọ́, kóòtù ìjọba nílẹ̀ Yorùbá kì í fi diyah dá ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀. Òfin ìjọba ni wọ́n ń lò. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n sì fẹ́ kí àwọn onímọ̀ parí ọ̀rọ̀ náà fún wọn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé tinútinú ni, tí wọ́n sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Lójú òfin, ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá fa ìjàǹbá ló jẹ gbèsè. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà. Ó lè jẹ́ awakọ̀ tó já lu ọ̀kadà, nígbà yẹn ọlọ́kadà àti èrò tó gbé sẹ́yìn jọ jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló wa ọkọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n lè béèrè kì í ṣe ti ọsibítù nìkan. Owó iṣẹ́ tí ẹni náà pàdánù wà níbẹ̀, ìrora tó jẹ wà níbẹ̀, àti àbùkù ara tí kò ní lọ mọ́. Bó bá kú, ọkọ tàbí ìyàwó, ọmọ àti òbí rẹ̀ lè pe ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kò ní nǹkan kan. Ọ̀kadà tó ń wà gan-an, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kóòtù bá ní kó san mílíọ̀nù méjì, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ìṣòro yìí ni òfin adójútòfò wà fún. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ rìn lójú títì láìní ìwé adójútòfò tí yóò gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Ọ̀kadà wà nínú rẹ̀. Èrò tó sanwó gun ọ̀kadà náà sì wà lára àwọn tí òfin náà ń dáàbò bò.

Ní January 1, 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ adójútòfò sọ owó ìwé yìí di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, 5,000 fún kẹ̀kẹ́ márúwá, àti 3,000 fún ọ̀kadà lọ́dún. Lórí 3,000 yìí, iléeṣẹ́ náà lè san tó mílíọ̀nù kan náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọ̀kadà bá bà jẹ́, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tó fara pa tàbí tó kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 100 náírà péré ni ọlọ́kadà kan ń san fún tíkẹ́ẹ̀tì lójúmọ́, 36,500 náírà ni yóò ti san bí ọdún bá yí po. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ìwé 3,000 ló lè san án, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ kò ní. Àwọn mìíràn ra ayédèrú lẹ́bàá ọ̀nà láti fi tan ọlọ́pàá. Ní February 2025, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò ní ìwé yìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti ní di ọ̀nà mìíràn láti máa gbowó lọ́wọ́ aráàlú.

Àwọn kan á sọ pé adójútòfò kò bá ẹ̀sìn mu. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀nà àbáyọ sì wà: takaful, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń da owó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́ láìsí èlé. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ bíi Noor Takaful àti Jaiz Takaful sì ń ṣe é. Àwáwí náà kò dúró mọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́?

Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rù. Ní Èkó, láti June 1, 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, wọ́n sì fi 4 mìíràn kún un ní September ọdún náà. Ìjọba sọ pé àtẹni tó wà á àtẹni tó gùn ún ni òfin yóò mú. Nítorí náà, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nírú ibẹ̀, ọlọ́kadà á sá, èrò tó fara pa kò sì ní fẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún un ló máa gbà. Ẹ má ṣe fúnra yín pa ẹjọ́ yín kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Ìkejì ni teṣan. Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti tán, nígbà tí dókítà kò tíì sọ bóyá ẹsẹ̀ náà máa tò. Ẹ má fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fún yín lówó ìtọ́jú, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ìwé sọ pé owó ìtọ́jú ni, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti wádìí. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti dá iye owó gbà-máà-bínú.

Ìkẹta ni àìní ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn egungun ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ, a kì í sì í gba ìwé kankan níbẹ̀. Kóòtù kò ní fi ẹnu lásán san owó. Ẹ ní kó kọ iye tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Kódà bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti fẹ́ tọ́jú ara, ẹ kọ́kọ́ lọ ya àwòrán egungun ní ọsibítù, kí dókítà sì kọ ohun tó rí.

Ìkẹrin ni akoto. Láti January 2009 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé e. A rántí pé igbá làwọn kan dé sórí nígbà náà. Ẹni tí kò dé akoto tó sì fi orí ṣèṣe, kóòtù lè sọ pé ó lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣe é, kí wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ̀mí ló kọ́kọ́. Ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122, tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kó jẹ méjèèjì. Bí wọ́n bá ń béèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ rán wọn létí.

Kí ẹnì kan nínú yín fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ náà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ìwé adójútòfò rẹ̀. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó ṣojú wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó teṣan létí kíákíá, kí ẹ sì gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ adójútòfò náà. Ètò NIID tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò gbé kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé náà.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́. Ní Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lórí ìpalára tí àìbìkítà fà. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló gbá yín, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba á sọ pé oṣù 3 péré lẹ ní. Ẹ má ṣe dúró kó pé. Ti àwọn ọmọ wa tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún ilé iṣẹ́ tún yàtọ̀. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé kí wọ́n fi tó ọ̀gá wọn létí láàárín ọjọ́ 14, àjọ NSITF ni yóò sì sanwó fún wọn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ló yẹ kí ọ̀gá máa san fún àjọ yìí. Kí ẹ tó gbaṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó ń san án.

Ẹ má sì sọ pé agbẹjọ́rò wà fún olówó nìkan. Àjọ Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024. Ní Èkó, Office of the Public Defender náà wà. Ọ̀pọ̀ opó tó ń tọrọ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló kúnjú òṣùwọ̀n yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn.

Ìbéèrè fún àwa náà

Lẹ́yìn Jumu'ah, a máa ń gbé báńtà yípo fún ẹni tí ọ̀kadà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n sàárà tí a dá fún un kò yẹ kó di aṣọ tí a fi bo gbèsè ẹni tó gbá a mọ́lẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò wà nínú wa, wọ́n tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, MULAN. Kí ló dé tí mọ́ṣáláṣí ńlá kọ̀ọ̀kan kò fi lè ní agbẹjọ́rò kan tí yóò máa jókòó fún wákàtí kan lóṣù láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláìní? Àwọn ọlọ́kadà wà nínú wa pẹ̀lú. Mọ́ṣáláṣí tó bá bá ogún nínú wọn ra ìwé adójútòfò ná 60,000 náírà lọ́dún, ó sì ti dáàbò bo ogún agbo ilé àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣèèṣì gbá.

Ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó sì fi ojú rere yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹni tí wọ́n fi àìmọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àbòsí ni wọ́n ṣe fún un. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kó sì wo àwọn tó wà lórí ibùsùn àìsàn sàn. Āmīn.