Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Ẹ Dì Í: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọgbẹ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Dà Níbẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kò gùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ọgbẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì fi báńdéèjì dì í dáadáa. Èrò wa ni pé kò yẹ kí kíláàsì kan wà ní ilé-kéwú wa tí kò ní báńdéèjì àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àdá a máa ṣá akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣán koríko. Gíláàsì fèrèsé a máa ya ọmọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Iléyá, ọ̀bẹ tí a pọ́n de àgbò a máa gé ẹni tó mú un dání. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ariwo ló kù. Ẹnì kan á sáré bu eérú, ẹlòmíràn á gbé kẹrosín-ìn, ẹlòmíràn á máa wá mọ́tò. Ẹni tí yóò fi ọwọ́ dí ojú ọgbẹ́ kì í sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà tó bíi lítà 5. Ti ọmọ tó wọn kílò 20 kò ju bíi lítà 1 ààbọ̀ lọ, ìyẹn ike omi méjì oní-75cl. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já, ẹ̀mí lè bọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí mọ́tò tó dé.

Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ogun Uhudu, nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fara gbọgbẹ́, Fátímọ̀ ọmọ rẹ̀ ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà, Aliyu sì ń da omi sí i. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dá, Fátímọ̀ sun ẹní, ó fi eérú rẹ̀ dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ ló fi dí ẹ̀jẹ̀ láìfi àkókò ṣòfò. Lónìí, aṣọ mímọ́ àti báńdéèjì ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa. Eérú ìdí ààrò lè kó kòkòrò àrùn wọnú ọgbẹ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Abul-Qasim az-Zahrawi, oníṣẹ́-abẹ ìlú Kọ́dọ́bà, ti ka dídi ọgbẹ́ pinpin mọ́ ọ̀nà tí à ń gbà dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ìwé rẹ̀, At-Tasrif.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí ọ̀rá mímọ́ bo ọwọ́. Ẹ ká aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ gidigidi fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má máa ṣí i wò, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì yóò tún tú. Lẹ́yìn náà, ẹ wé báńdéèjì lé e kó le. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, ẹ gbé aṣọ mìíràn lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ìka bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ dẹ ìdì náà díẹ̀. Bí gíláàsì tàbí irin bá há sínú ọgbẹ́, ẹ má fà á yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so apá tàbí ẹsẹ̀ pa. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ló kan ọsibítù.

Àwọn kan ń sọ pé kádàrá ni. Lóòótọ́, ọwọ́ Ọlọ́hun ni ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n Òun náà ló fún wa lọ́wọ́ méjì. Àwọn mìíràn ń sá kí ẹ̀jẹ̀ má ba aṣọ ìrun wọn jẹ́. Aṣọ ṣeé fọ̀. Ẹ̀mí tó bọ́ kò ṣeé dá padà.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ òbí pé kí wọ́n ra báńdéèjì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń ná sí aṣọ wòlímọ̀. A bẹ ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n gbé àpótí kan sí tòsí ibi àlùwàlá. A sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì inú jàmáà wa pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ tọmọdé tàgbà.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí ìjàǹbá. Bí ó bá sì dé, kó bá wa nímùúrasílẹ̀. Àmín.