Ẹ Má Tà Á Lẹ́yọ Mọ́

Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ní Ṣàpọ́n, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn kan á ní, "Bí o bá pinnu tọkàntọkàn, wàá ṣe é." Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Títí di ìgbà wo?" Bí ó bá sì padà sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tọ̀tún-tòsì á fẹnu kò pé kò ní ìpinnu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a yí i ká ni a kò jẹ́ kí ìpinnu rẹ̀ rí ilẹ̀ dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń bá jà. Nikotíìnì ni èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé, ó ti dé ọpọlọ. Bí wákàtí díẹ̀ bá kọjá, tí ó ń dín kù lára, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀: ọ̀fun á máa dá a tọ́lọ́, inú á máa bí i láìnídìí, ọwọ́ kò ní gbélẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń le jù; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí àwọn oníwàásù ìpinnu kì í sọ ni pé ìyánhànhàn náà kì í dúró láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ìjì ló ṣe máa ń dé. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, á sì kọjá, yálà ènìyàn mu sìgá tàbí kò mu ún.

Ìbéèrè mi nìyí: nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí ló wà nítòsí rẹ̀?

Ìwé àti bírò ni mo ń tà ní Ṣàpọ́n. Bí mo bá jókòó sí ẹnu ìsọ̀ mi, ibi mẹ́rin ni ojú mi tó tí wọ́n ti ń ta sìgá lẹ́yọ, lórí àtẹ onísúùtì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò paraga. Wọ́n tilẹ̀ fi okùn so láítà mọ́lẹ̀, kí oníbàárà má baà wá iná lọ. Télọ̀ kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tèmi. Ó ju mí lọ, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Nígbà tí ó fi sìgá sílẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Àbúrò, ibi tó le sí ni pé mo lè jókòó sídìí máṣíìnì mi kí n nawọ́ mú un." Ọ̀sán ló máa ń dààmú rẹ̀ jù, bí ó bá ti jẹ láfún tán. Ojú mi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe na ẹyọ kan sí i ní àkókò náà gan-an, tó ní, "Gbà, ẹyọ kan ò lè pa ẹ́." Ta ni í gbé ẹran síwájú ajá, tí yóò tún máa pè é ní wọ̀bìà?

Bẹ́ẹ̀, òfin ti sọ̀rọ̀. Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ń ṣàkóso tábà. Òfin náà kò gbà kí a ta sìgá lẹ́yọ. Páálí oníogún ló kéré jù. Kò gbà kí a tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó sì ní dandan ni kí ìkìlọ̀ wà lára páálí. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ra ẹyọ kan kò rí páálí, áńbọ̀sì ìkìlọ̀. Ọmọ iléèwé tí kò lè rí owó páálí lè rí owó ẹyọ kan. Ẹni tó ń jáwọ́, tí kò jẹ́ dá a láṣà láti ra odindi ogún, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń dá a padà. Tábà sì ń pa ènìyàn tó ju mílíọ̀nù méje lọ lágbàáyé lọ́dọọdún.

Mo mọ èsì tí wọ́n á fọ̀. Wọ́n á ní ìyá onísìgá ń wá oúnjẹ ọmọ. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ọlọ́pàá wá da àtẹ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n súùtì, ẹ̀pà àti omi wà lórí àtẹ kan náà. Àwọn tó ń kó sìgá wá fún un ni kí ìjọba kọ́kọ́ pè. Wọ́n á tún ní, bí a kò bá tà á lẹ́yọ, ẹni tó fẹ́ ẹ á ra páálí. Àwọn kan á rà á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń jáwọ́ tó wá owó páálí jọ, ìjì náà ti kọjá.

Abẹ́òkúta ló yẹ kó tètè mọ èyí. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ bíbí ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n ń padà sáàárín ènìyàn lálẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ayé rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àdúgbò wà lára ìtọ́jú. Àwa tí a ni ẹ̀kọ́ náà la wá ń fi ẹni tó bá dárúkọ dókítà nítorí sìgá ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ṣingọ́ọ̀mù àti ìlẹ̀mọ́ra oní-nikotíìnì mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n nílùú.

Ẹni tó ń jáwọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí ó mọ wákàtí tí ìjì tirẹ̀ máa ń dé. Kí ó fi orín sápò, kí ẹnu àti ọwọ́ lè rí nǹkan ṣe. Kí ó rọra mu omi, kí ó mí kanlẹ̀, tàbí kí ó rìn dé Ìtòkú kí ó padà. Kí ó jìnnà sí ìdí paraga fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti Bọ̀dá, ìsọ̀ mi ló máa ń wá jókòó sí. A ó máa jiyàn bọ́ọ̀lù títí yóò fi rékọjá, á sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àdúgbò kò pọ̀. Bí o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, má fi ẹyọ kan lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin aṣòfin, òfin ti wà nílẹ̀ láti 2015. Ẹ jẹ́ kí ó dé Ṣàpọ́n.