Irú Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà a máa wí pé abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń bèèrè, bí ó bèèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè dé ibi kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí, nítorí ó kan ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ní ilé àti ní ìdálẹ̀.

Ní ilé-ìwé Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ti ń tọ́ ọmọ nísinsìnyí, ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ ní kí ọmọ yan ohun kan, kí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì fi í hàn níwájú àwọn adájọ́. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn láti yàn ni ọkọ̀ ìdárayá tí à ń pè ní roller coaster. Ọkọ̀ náà ń sáré lórí irin. Púpọ̀ nínú wọn ni a ń fà gun òkè gíga, tí a sì ń jọ̀wọ́ wọn láti ibẹ̀ kí wọ́n máa já wálẹ̀, kí wọ́n tún máa gùn, kí wọ́n sì máa yí, láìsí ẹ́ńjìnnì tí ń tì wọ́n mọ́. Yíyàn náà dára. Ìbéèrè ni ó ń ba nǹkan jẹ́.

Ọmọ a kọ ọ́ sórí páálí pé: “Báwo ni roller coaster ṣe ń ṣiṣẹ́?” Èyí kì í ṣe ìbéèrè ìwádìí, àkọlé inú ìwé ni. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọmọ náà. Ohun tí ó kù ni kí ó dà á kọ, kí baba ra ọ̀dà, kí baba fi òru kan ṣe ọkọ̀ kékeré tí ó ń dán, kí ọmọ sì gba ẹ̀bùn iṣẹ́ tí kò ṣe. A kò lè pe èyí ní ìfẹ́. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ ọmọ ṣe ti gba ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ìbéèrè rere. Èkíní, kí ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ọmọ yóò máa yí padà, kí ó sì jẹ́ ohun kan ni yóò máa wọ̀n. Èkejì, kí ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó rò tẹ́lẹ̀ já sí asán. Ẹ̀kẹta, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ká a, kí ó lè tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá láì tọrọ owó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ hàn. Kí ọmọ la ọ̀pá rọ́bà gígùn sí méjì, kí ó gbé ìpẹ̀kun kan sókè, kí ó sì ká àárín rẹ̀ di òrùka tí ó dúró, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí ó wá bèèrè pé: “Láti ibi tí ó ga tó ìwọ̀n wo ni mo gbọdọ̀ ti jọ̀wọ́ òkúta gíláàsì róbótó, kí ó tó lè yí òrùka yìí ká láì já bọ́?” Ọ̀pọ̀ àgbà yóò dáhùn kíákíá pé 20 náà ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré kan gbọdọ̀ kù lára òkúta nígbà tí ó bá dé orí òrùka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà. Ìṣirò fi hàn pé, bí ọ̀nà kò bá fa nǹkan sẹ́yìn rárá, ohun tí ń yọ̀ lọ yóò fẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà. Òkúta tí ń yí yóò fẹ́ nǹkan bí 27, nítorí yíyí fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú agbára tí gíga fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà a máa fa nǹkan sẹ́yìn, nítorí náà òkúta ti ọmọ yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ó jẹ ìyókù? Ìbéèrè kejì dé nìyẹn, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì bí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kò sí ohun èlò. Galileo ará Ítálì, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1638, ròyìn bí òun ti yí bọ́ọ̀lù idẹ lórí pákó tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà sí, tí a sì gbé ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sókè. Omi tí ń ṣàn sínú ife ni ó fi wọn àkókò.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà pẹ̀lú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ṣe èyí tí òrùka rẹ̀ róbótó ní Coney Island, ní New York; ó ń tẹ èrò mọ́lẹ̀ lójijì tí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Ní ọdún 1976, ní California, a ṣí èyí tí Werner Stengel ará Jámánì ya òrùka rẹ̀ bí ẹ̀kán omijé: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì há lókè, kí ara èrò má baà gba ìpayà lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe “Báwo ni a ó ṣe yí ènìyàn ká?” ni ìbéèrè tí ó gbèrò ire, bí kò ṣe “Ìrísí òrùka wo ni kò ní pa ènìyàn lára?”

Àwọn kan yóò wí pé eré Òyìnbó ni èyí, kí ni ó kàn wá? A dá wọn lóhùn pé ohun tí ó ń fa ọkọ̀ yẹn wálẹ̀ náà ni ó ń fa àgbọn wálẹ̀ láti orí igi. Bákan náà, gbogbo ohun tí a wí lókè yìí, èdè Yorùbá ni a fi wí i, kò sì kọsẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀ lè fi èdè yìí sọ ìwádìí rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ mọ̀ pé ọmọ tí kì í bèèrè rọrùn láti ṣàkóso. Ṣùgbọ́n Tọ́másì pẹ̀lú fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, Olúwa kò sì lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè tí a ń pè láti wá pín ẹ̀bùn ní ilé-ìwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí tí ó ń dán tan yín jẹ. Ẹ bi ọmọ náà pé: Kí ni o bèèrè? Kí ni o rò tẹ́lẹ̀? Kí ni ojú rẹ rí? Èyí tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wọ́, òun ni kí ẹ fún ní ẹ̀bùn.