Èdè Wo Ni Ọmọ Wa Yóò Fi Ka Ení, Èjì?

Ní àdúgbò Gounghin, ní ìlú Ouagadougou, ọmọ tí ń sọ èdè Mooré kì í pe 100 fáráǹkì ní ọgọ́rùn-ún. Ogún ni ó ń pè é, nítorí fáráǹkì 5 ni ẹyọ kan nínú òǹkà owó wọn. Bí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni a sábà fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Ọmọ náà mọ ìṣirò. Èdè ni kò tíì gbọ́.

Ní 2024, Burkina Faso sọ èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba. Àwa ńkọ́? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ni wọ́n fagi lé ní 2025, wọ́n ní èdè ìbílẹ̀ ló ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ifẹ̀ ti dá wọn lóhùn tipẹ́.

Kí olùdíje tí yóò tọrọ ìbò wa ní 2027 kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí.